Àwọn Orúkọ Tí Mo Sin Mọ́ Bàbá Odeda

Bí ẹnì kan bá kú nínú ìjọ wa ní Aké, àwọn ẹbí rẹ̀ á ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó lọ bá ẹni tó ń kan pósí. Èmi ni mo máa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sáàárín ìwé ètò ìsìn, ṣáájú àwọn fọ́tò. Tíṣà Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo kọ́ ìdajì àwọn tó ń wá bá mi nípa òkú wọn bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó sórí àga gígùn nínú pálọ̀ mi, wọ́n á sunkún díẹ̀, èmi á sì mú bírò. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí wọn? Ilé ìwé wo ni wọ́n lọ? Níbo ni wọ́n ti ṣiṣẹ́? Oúnjẹ wo ni wọ́n fẹ́ràn jù? Ìbéèrè oúnjẹ yẹn ló máa ń tù wọ́n nínú jù, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Mi ò ní purọ́, mo mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó mutí títí tí ilé fi dàrú, màá kọ ọ́ pé ó lọ́yàyà, ó sì kó èèyàn mọ́ra. Ìyá tí kò sẹ́ni tó lè bá a gbé, màá kọ ọ́ pé kò fàyè gba ìwàkíwà. Baálé ilé tó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀ sí ìlú mẹ́ta, màá kọ ọ́ pé Ọlọ́run fi ọmọ púpọ̀ jíǹkí rẹ̀. Gbogbo ìjọ á mọ ohun tí mo ń sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín sínú, wọ́n á ṣe àmín. Kò sí ẹbí kan tó bá mi jà rí. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn, ó sì ń tì mí lójú báyìí pé mo fi yangàn.

Bàbá Odeda ni àbúrò ìyá mi tó kéré jù. Orúkọ tí gbogbo ẹbí ń pè wọ́n nìyẹn, nítorí pé Odeda ni wọ́n lọ ń dáko lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n fi jù mí lọ, àwọn ló sì máa ń gbé mi kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo wà ní kékeré. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í pariwo, wọn kì í na ọmọ. Bí ewúrẹ́ bá wọ oko ẹ̀gẹ́ wọn, ńṣe ni wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde. Ìwà kan ṣoṣo tí wọ́n ní tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni ti omi. Kò sẹ́ni tó lè wọ ilé wọn kó má mu omi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n á dìde lọ bù ú, wọn ò ní rán ọmọ, wọn ò sì ní jókòó títí ìwọ àlejò á fi gbé ife náà sílẹ̀ lófìfo. Bí o bá ní òùngbẹ ò gbẹ ọ́, wọ́n á dúró síbẹ̀ máa wò ọ́. Àwa ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn máa ń sọ fún ara wa pé ká yáa lọ tọ̀ ká tó gbéra lọ sí Odeda.

Nígbà tí àìsàn ọkàn wọn le, wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Aké kí ọ̀nà hospital má baà jìn jù. Ìyàwó wọn dúró sí Odeda nítorí oko àti adìyẹ, wọ́n sì máa ń wá wò wọ́n lópin ọ̀sẹ̀. Báyìí ló ṣe jẹ́ èmi nìkan ni mo wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá Odeda ní kí n bá wọn fa àpótí páànù wọn jáde lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n tú aṣọ inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì yọ ìwé pélébé kan jáde nísàlẹ̀ pátápátá, irú ìwé tí ọmọ ilé ìwé máa ń lò, èyí tí wọ́n máa ń tẹ ìlọ́po oǹkà sẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ.

Wọ́n ní, "Kà á sókè. Ṣebí ìwọ ni tíṣà."

Orúkọ èèyàn ló wà níbẹ̀, ojú ewé mẹ́rin gbáko. Orúkọ Ìbò ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n bí etí Ẹ̀gbá ṣe gbọ́ ọ ni Bàbá Odeda ṣe kọ ọ́, wọ́n tiẹ̀ fi àmì ohùn sórí àwọn mìíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe wà: tíṣà, aránṣọ, òṣìṣẹ́ rélùwéè, atún-rédíò-ṣe. Mo ń kà á bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì láàárọ̀, wọ́n sì dijú. Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, wọ́n ya àwòrán ògiri kan, kànga kan, igi igbá kan, wọ́n sì fi ìlà sàmì sí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn igi náà.

Mo bi wọ́n pé, "Àwọn wo nìyí, Bàbá?"

"Àwọn tó wà lọ́wọ́ mi nígbà ogun."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi, wọn ò sì gbójú wò mí títí wọ́n fi sọ ọ́ tán. Ogun abẹ́lé ni wọ́n ń wí. Ọ̀dọ́mọdé wọ́dà ni wọ́n nígbà náà, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tó jìnnà sí ilé. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin kan wá. "Wọn kì í ṣe sójà. Wọn ò jalè. Ibi tí wọ́n ti wá nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn." Àyè kò sí mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n bá kó wọn sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí tẹ́lẹ̀, yàrá tí kò ní fèrèsé. Ọ̀gá wọn ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí òun á fi dé, ó sì rìnrìn àjò. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kìíní, Bàbá Odeda ti abọ́ omi kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Igbákejì ọ̀gá rí wọn, ó gbá wọn létí, ó ní bí wọ́n bá tún dán an wò, àwọn náà á wọ inú ibẹ̀. Wọn ò dán an wò mọ́.

"Wọ́n ń kanlẹ̀kùn," Bàbá Odeda sọ fún mi. "Wọ́n ń pe 'Wọ́dà, omi. Wọ́dà, omi.' Mo lọ jẹun, mo bọ̀, wọ́n ṣì ń kàn án. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá dé lọ́jọ́ kẹta, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà o. Àpò mi ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn."

Mo ń wo ọwọ́ wọn lórí aṣọ ìbora.

Wọ́n ní lẹ́yìn tí wọ́n sin àwọn èèyàn náà sẹ́yìn igi igbá yẹn tán, ọ̀gá gbé ìwé orúkọ ẹlẹ́wọ̀n fún àwọn pé kí wọ́n kọ "a ti dá a sílẹ̀" síwájú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n yàn nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dára. Ilé ìwé ìjọ ni wọ́n lọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé tó tẹ́ bẹẹrẹ. Wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé yàrá wọn, wọ́n wá tún gbogbo orúkọ náà kọ sínú ìwé ilé ìwé yìí fún ara wọn kí wọ́n tó gbàgbé, wọ́n sì ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Wọ́n ní, "Nígbà tí o bá ń kọ tèmi, kọ ọ́ sí i."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìtàn ìgbésí ayé wọn ni, èyí tí wọ́n mọ̀ dájú pé èmi ni màá kọ. Mo ní, "Màá kọ ọ́, Bàbá." Wọ́n ní kí n búra. Mo búra.

Kò pé oṣù méjì tí wọ́n kú.

Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń ka èyí pé kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Ó wù mí kí n sọ pé àwọn ọmọ wọn ni ò jẹ́ kí n kọ ọ́, tàbí pé àlùfáà ní kí n yọ ọ́ kúrò. Mi ò fún ẹnikẹ́ni láyè débẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo kọ ìpínrọ̀ kan nípa yàrá náà, mo kà á, mo sì rí ojú ìyàwó wọn lórí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí àwọn ọmọ-ọmọ wọn nínú aṣọ funfun. Ìpínrọ̀ náà burú létí. Gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn náà dùn ún kà, òun nìkan ló dá dúró bí òkúta nínú ìrẹsì. Mo fà á ya. Mo kọ dípò rẹ̀ pé: "Wọ́n fi òtítọ́ àti ìfọkànsìn sin ilẹ̀ baba wọn nígbà tí nǹkan le." Mo wá to gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n wà níbẹ̀, nítorí pé mi kì í fi iṣẹ́ mi ṣeré. Mo kọ ti omi pẹ̀lú. Mo ní kò sí àlejò tó wọ ilé wọn tí kò mu omi tútù, gbogbo ìjọ sì mi orí.

Ìwé náà ló kù. Ọwọ́ mi kò gbà á láti sun ún, mi ò sì fẹ́ kó wà nílé mi. Nínú ìjọ wa, a máa ń tẹ́ Bíbélì àti ìwé orin olóògbé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú pósí. Ìyàwó wọn ní kí n bá àwọn kó méjèèjì wá látinú àpótí páànù. Mo ti ìwé pélébé náà sáàárín Bíbélì, mo fi rọ́bà dè é, mo sì gbé e fún ẹni tó ń tẹ́ òkú. Mo sọ fún ara mi pé mo ń fi ohun olóhun lé e lọ́wọ́ ni. Mo tiẹ̀ rò pé àánú ni mo ṣe. Bàbá Odeda ti gbé ẹrù náà pẹ́, kí wọ́n máa gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi wọ́n léèrè. Bí a ṣe kó wọn lọ sí Odeda nìyẹn, a sin wọ́n sí ìtẹ́ òkú ìjọ tó wà níbẹ̀. Mo jẹ ìrẹsì òkú, mo sì gba ìyìn nítorí ìtàn tí mo kọ.

Ọmọ wọn obìnrin tó wà nílùú òyìnbó ló ya fọ́tò ìwé ètò ìsìn náà, tó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òjò ti rọ̀ lọ, ó tún ti rọ̀ dé, ni obìnrin kan kanlẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú lọ́yà kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Obìnrin náà á máa sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ọmọ Ìbò ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ, Yorùbá rẹ̀ já geere ju ti àwọn ọmọ tí mo kọ́ lọ.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ má bínú pé a ò pè kí a tó wá. Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ìtàn Bàbá Odeda ni. Ó ti fi àwọ̀ yẹ́lò fa ìlà sábẹ́ orúkọ ìlú kan nínú àwọn ìlú tí mo tò.

Mo ní kí wọ́n jókòó. Kí n tó rí nǹkan kan sọ, ó ti ń ṣàlàyé. Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn ti kó ara wọn jọ, wọ́n ti gba lọ́yà, wọ́n sì fẹ́ kí ìjọba jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn gbẹ́ egungun òbí àwọn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé, ìwé kan náà ni wọ́n ń fi hàn wọ́n, ìwé orúkọ ẹlẹ́wọ̀n, tí wọ́n fi ọwọ́ tó tẹ́ bẹẹrẹ kọ "a ti dá a sílẹ̀" síwájú orúkọ gbogbo wọn. Wọ́n ń wá ẹnikẹ́ni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ogun. Bàbá Odeda lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti kú.

Ó ní, "Ọmọ ọdún kan ni mí nígbà tí wọ́n mú bàbá mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Rédíò ló ń tún ṣe."

Mo rí ojú ewé náà lọ́kàn mi bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn. Atún-rédíò-ṣe. Mo rí ọ̀rọ̀ náà ní apá ọ̀tún, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan fún yín rí, mà? Ṣé wọ́n fi ìwé kankan sílẹ̀?"

Mo ní, "Rárá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílé. Wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀."

Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ èèyàn ní òfin mẹ́wàá. Lọ́yà náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́. Obìnrin náà dúpẹ́ pẹ̀lú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ Yorùbá gidi, wọ́n sì dìde. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà, kò jọ pé ó ń bá mi wíjọ́, ó kàn ń sọ ọ́ ni.

"Ó kàn jẹ́ torí ìyá mi, mà. Ìwé ìjọba ní wọ́n dá a sílẹ̀. Ìyá mi wá gbà pé ó lọ fẹ́ ìyàwó míì síbòmíì ni. Títí wọ́n fi kú, wọn ò jẹ́ ká fi fọ́tò ẹ̀ kọ́ ògiri. Bí mo bá ṣe oríkunkun, wọ́n á ní ìwà bàbá mi ni mò ń hù."

Wọ́n lọ. Mo jókòó. Mo gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú títì níbi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Ìyá kan ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bínú sí ọkọ tó kú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tí mo fẹ́ràn kọ. Èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tèmi lé e. Mi ò rí sálúbàtà mi, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sáré jáde. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní, "Ẹ padà wá. Irọ́ ni mo pa."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn nínú pálọ̀ mi, yàrá àgbàdo, omi, kọ́kọ́rọ́, ìwé. Nígbà tí mo dé orí pósí, obìnrin náà ní kí n tún un sọ.

"Inú pósí?"

"Inú Bíbélì wọn. Nínú pósí."

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó kàn béèrè pé, "Kí ló dé tẹ́ ò kúkú jẹ́ kó wà nínú àpótí ẹ̀, mà? Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà."

Lọ́yà náà lọ bá ọmọkùnrin Bàbá Odeda tó jẹ́ àgbà nípa bóyá wọ́n lè hú sàréè náà. Ẹnjiníà ni, ọmọ tó gbọ́n tó sì bọ̀wọ̀ fún mi. Ó wá bá mi nílé, kò jókòó.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n hú bàbá mi síta? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè wọ́n ní apànìyàn?"

Mo ní, "Àwọn ló ní kí n sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ kọ tí gbogbo ayé kà ni pé wọ́n fi òtítọ́ sìn. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

Òótọ́ ló sọ. Mo ń wò ó títí ó fi jáde. Mo ti mọ̀ pé a ò ní kí ara wa dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ìyàwó Bàbá Odeda kò gbé fóònù mi mọ́. Lọ́yà kọ̀wé sí kóòtù nípa sàréè náà, wọn ò tíì dá a lóhùn. Ẹni tó kan pósí sọ fún mi pé bí wọ́n bá tilẹ̀ hú u, ilẹ̀ Odeda lápá ibẹ̀ máa ń gba omi, kí n má fọkàn sí i pé ìwé ilé ìwé tí wọ́n fi tàdáwà kọ á ṣeé kà. Mo fọkàn sí i ṣáá.

Ohun tó kù fún wọn ni orí mi. Mo lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà náà ní Òkè Ìlẹ̀wọ̀, mo búra, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú mi, mo dijú bí Bàbá Odeda ṣe dijú lọ́jọ́ náà, mo sì ń pe orúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ka ìwé yẹn. Orúkọ mẹ́sàn-án ni mo rántí nínú ojú ewé mẹ́rin. Mo ya àwòrán kànga àti igi igbá náà fún wọn. Àwọn èèyàn wọn lọ sí ibẹ̀, wọ́n ní igi náà ti wó, ṣùgbọ́n kànga ṣì wà, ilé sì ti pọ̀ yí i ká. Nínú mẹ́sàn-án tí mo pè, orúkọ méjì bá ti àwọn òbí tí wọ́n ń wá mu. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn pè mí láti ọ̀nà jíjìn, ó sunkún, ó ṣàdúrà fún mi. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé àdúrà náà sí.

Orúkọ bàbá obìnrin náà kò sí nínú mẹ́sàn-án yẹn.

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà nínú ọ́fíìsì. Nígbà tí mo dákẹ́, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ fún mi, ó pè é díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ara mi ló fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kì bá ná mi ní nǹkan kan. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tu ẹbí òkú nínú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo mọ bí ojú èèyàn ṣe máa ń rí bó bá gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Mo ní mo rántí atún-rédíò-ṣe kan, mo rántí ibi tí ó wà lójú ewé, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò wá.

Lọ́yà pa ẹ̀rọ náà. Ó ní òun ò lè kọ ìyẹn sílẹ̀. Bí wọ́n bá dé iwájú àwọn tó máa gbọ́ ẹjọ́, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo kọ́kọ́ dárúkọ atún-rédíò-ṣe fún ẹnikẹ́ni, èmi náà á sì ní láti sọ pé ó di ẹ̀yìn ìgbà tí obìnrin yìí ti sọ fún mi pé rédíò ni bàbá òun ń tún ṣe. Wọ́n á ní ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì ti fura sí ọ̀kan, wọ́n á da mẹ́sàn-án tó kù nù. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí obìnrin náà tó ṣàlàyé nǹkan kan, ì bá wúlò. Lọ́yà náà rọra sọ ọ́, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn. Ìjọba ní àwọn ti gba ìwé, àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èèyàn méjì ti kú nínú ìjọ wa láti ìgbà náà, ẹlòmíràn ni wọ́n sì gbé ìtàn wọn fún. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa tó, àmì ohùn nìkan ni wọ́n fi sí ibi tí kò yẹ.

Obìnrin náà máa ń pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. "Mummy, ẹ kú ìsinmi. Ṣé ẹ ti rántí?" Màá ní kò tíì wá. Á ní kò burú, pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Mo sì ń yọ ara mi lẹ́nu. Mo máa ń jókòó lọ́sàn-án, màá dijú, màá rí ìwé náà, bó ṣe pọ́n, ìlọ́po oǹkà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ Bàbá Odeda tó tẹ́ bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ atún-rédíò-ṣe, àti àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ bàbá obìnrin náà máa ń wá jókòó sínú àyè yẹn fúnra rẹ̀ báyìí, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ jù. Bí mo bá tilẹ̀ rántí i lóòótọ́ lọ́la, mi ò ní mọ̀ bóyá ìrántí ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó pè. Ó béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, ó ní òjò ti pọ̀ jù ní Ìbàdàn lọ́dún yìí. Mo ń dáhùn, mo sì ń dúró. Ó ní kí n tọ́jú ara mi, ó ní ó dìgbà, ó sì pa fóònù láì béèrè bóyá mo ti rántí.